Kilimanjaro ní ọjọ́ márùn-ún tàbí ọjọ́ mẹ́jọ: níbo ni kí owó wa lọ?

Ìbéèrè: Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ará ilé. Olùkọ́ ni mí ní Ìbàdàn. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan ti ń dá àjọ láti ọdún tó kọjá, a fẹ́ gun òkè Kilimanjaro ní Tanzania lóṣù kẹjọ tí iléèwé bá wà ní ìsinmi. Ilé iṣẹ́ kan ní ojú ọ̀nà Marangu ni ká gbà, ọjọ́ márùn-ún, inú ilé onípákó la ó máa sùn. Òmíràn ní ká gba Lemosho, ọjọ́ mẹ́jọ, inú àgọ́, owó rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti àkọ́kọ́. Ọ̀rẹ́ mi ní ká mú ti ọjọ́ márùn-ún, ká fi owó tó bá kù ra aṣọ òtútù àti bàtà gidi. Ara wa le, àràárọ̀ la máa ń sáré. Èwo ni ká mú? Owó yìí kò rọrùn láti kó jọ o.

*

Ẹ mú ọjọ́ mẹ́jọ. Tí owó kò bá ká a, ẹ sún ìrìnàjò náà di ọdún tó ń bọ̀, kí ẹ tún àjọ yẹn dá. Ẹ má gba ti ọjọ́ márùn-ún.

Ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò rẹ̀. Ẹnu géètì Marangu ga tó nǹkan bí 1,900 mítà. Alẹ́ àkọ́kọ́, ẹ sùn ní Mandara, 2,720. Alẹ́ kejì, Horombo, 3,720. Alẹ́ kẹta, Kibo, 4,720. Òru ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n á jí yín pé ó yá, ẹ máa bọ̀ ní Uhuru, téńté òkè, 5,895. Ẹgbẹ̀rún mítà ni ibi tí ẹ ń sùn fi ń ga sí i lálaalẹ́. Ìmọ̀ràn àwọn dókítà tó mọ̀ nípa òkè ni pé tí èèyàn bá ti kọjá 3,000 mítà, kí ibi tó máa sùn má fi ju 500 mítà lọ ga ju ibi tó sùn lánàá, kó sì fi ọjọ́ kan sinmi lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Marangu ọlọ́jọ́ márùn-ún ń fi ìlọ́po méjì gùn, kò sì sí ìsinmi kankan nínú rẹ̀.

Ẹ wá wo Lemosho. Ẹ máa kọ́kọ́ sùn nínú igbó, lẹ́yìn náà lórí pẹ̀tẹ́lẹ̀ Shira, ní nǹkan bí 3,500 àti 3,850. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, ẹ máa gùn dé Lava Tower, 4,630, ẹ máa jẹun ọ̀sán níbẹ̀, orí lè máa fọ́ yín díẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ lọ sùn ní Barranco tí kò tó 4,000. Karanga tí ẹ máa sùn lọ́jọ́ kejì, òun náà kò ju nǹkan bí 4,000 lọ. Ara ti fojú kan òkè, ó sì ti padà lọ sinmi nísàlẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni Barafu, 4,673, tí ẹ ó ti gbéra lọ sí téńté. Ohun tí ẹ ń fi owó yẹn rà nìyí.

*

“Ara wa le.” Ó dára, ẹ má dá eré àárọ̀ dúró. Ṣùgbọ́n kì í ṣe okun ẹsẹ̀ ni òkè yìí kọ́kọ́ ń dán wò. Tí ẹ bá dé Uhuru, ọ́síjìn tó ń bá èémí kọ̀ọ̀kan wọlé kò ju nǹkan bí ìdajì èyí tí ẹ ń rí létí òkun Èkó. Ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún náà ni ọ́síjìn jẹ́ nínú afẹ́fẹ́ níbi gbogbo. Agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń tì í wọ ẹ̀dọ̀fóró ló ń dín kù bí èèyàn ṣe ń gòkè. Ara á máa mí léraléra láti fi dí i. Mímí léraléra yìí á fẹ́ da ẹ̀jẹ̀ rú, kíndìnrín á wá máa gba ojú ìtọ̀ tún un ṣe. Iṣẹ́ ọjọ́ púpọ̀ ni. Ẹni tó ń sá kìlómítà mẹ́wàá láàárọ̀ kò lè fi eré rẹ̀ mú kíndìnrín yára.

Kódà, ẹni tí ara rẹ̀ le ni ẹ̀rù rẹ̀ máa ń bà mí jù lójú ọ̀nà, torí ó lè yára, ó sì ń yára. Àwọn afinimọ̀nà á máa pariwo “pole pole”, ẹ rọra, ẹ rọra. Tí ẹ bá lè máa sọ̀rọ̀ láìmí hẹlẹ bí ẹ ṣe ń rìn, ìrìn yẹn dáa.

*

Ẹnì kan kọ ọ́ pé àbúrò òun gùn ún ní ọjọ́ márùn-ún láìlo oògùn kankan, pé à ń dẹ́rù ba àwọn èèyàn.

Mo gbà pé ó gùn ún. Ọ̀pọ̀ ló ń gùn ún bẹ́ẹ̀. Ara kì í dọ́gba, àwọn kan wà tí òkè kì í yọ lẹ́nu rárá. Ṣùgbọ́n kò sí àyẹ̀wò kan tí wọ́n máa ṣe fún yín ní Ìbàdàn tó lè sọ irú ara tí ẹ ní dájú. Ẹ̀ẹ̀kan tí ẹ bá débẹ̀ ni ẹ máa mọ̀, tó bá sì jẹ́ ojú ọ̀nà ọlọ́jọ́ márùn-ún ni ẹ wà, kò sí ọjọ́ tí ẹ lè yọ sílẹ̀ láti fi dúró kí ara balẹ̀. Pípadà ló kù. Àwọn tó padà ní Gilman's Point, tí Uhuru ti ku díẹ̀, kì í sábà wá sọ̀rọ̀ síbi báyìí, àwọn tó dé òkè là ń gbọ́ ohùn wọn.

Tó bá jẹ́ pé ilé onípákó yẹn lẹ fẹ́ dandan, ẹ béèrè Marangu ọlọ́jọ́ mẹ́fà. Ẹ máa sùn ní Horombo lẹ́ẹ̀mejì, ẹ máa rìn gòkè lọ sí apá Mawenzi, ṣóńṣó kejì òkè náà, lọ́sàn-án kí ẹ tó padà wá sùn. Ó sàn ju ti ọjọ́ márùn-ún lọ dáadáa, àmọ́ kò tó Lemosho.

*

Ohun kan wà tí kò tíì sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀ níbí, mo sì fẹ́ ká dúró lé e lórí. Jẹ́nótáìpù yín ńkọ́?

Tí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó bá dé nìkan la máa ń bi ara wa. AS kò gbọdọ̀ fẹ́ AS, ó parí, ẹni tó jẹ́ AS á sì gbà pé kò sí nǹkan kan tó ṣe òun. Nísàlẹ̀ níbí, òótọ́ ni. Lókè, ọ̀rọ̀ yí padà.

Ẹni tó bá jẹ́ SS tàbí SC, kó má lọ. Àìtó ọ́síjìn ló ń mú kí ẹ̀jẹ̀ oní-fòníkúfọ̀ladìde tẹ̀ kọdọrọ bíi dòjé, kó sì dí ojú iṣan. Kò sí aṣọ, kò sí oògùn, kò sí àdúrà àárọ̀ tó yẹ kó mú wa gbé irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ sí ibi tí ọ́síjìn ti dín ní ìdajì.

Ti AS ló gba àròjinlẹ̀. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ló jẹ́ AS ní Nàìjíríà, nítorí náà ó ṣeé ṣe kó kan ọ̀kan nínú ẹ̀yin méjèèjì. Ọ̀pọ̀ AS ti gun òkè gíga, wọ́n sì bọ̀ láyọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn dókítà ti kọ nípa àwọn AS tí ara wọn le koko, tí wọn kò ṣàìsàn rí, tí ẹ̀yà ara kan báyìí tó wà lábẹ́ egungun ìhà òsì, tí wọ́n ń pè ní spleen, kú lápá kan nígbà tí wọ́n dé ibi gíga, torí ẹ̀jẹ̀ kò ráyè débẹ̀ mọ́. Àmì rẹ̀ ni ìrora líle lókè ikùn lápá òsì, ó lè ta dé èjìká, èébì lè bá a rìn. Ẹni tí kò mọ̀ á ní inú ló ń run ún, wọ́n á fún un ní oògùn inú, wọ́n á ní kó sùn di àárọ̀. Afinimọ̀nà tó ti mọ̀ pé AS ni yín kò ní dúró di àárọ̀. Á gbé yín sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀, á fún yín ní ọ́síjìn, ó di ilé ìwòsàn.

Ìwé ìlera tí àwọn ilé iṣẹ́ ń fún èrò láti kọ, èyí tí mo ti rí kò béèrè jẹ́nótáìpù. Ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ni púpọ̀ nínú èrò wọn ti ń wá, ọ̀rọ̀ náà kò sí lọ́kàn wọn. Ẹ̀yin ni kí ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ fúnra yín, kí ẹ sì tún fẹnu sọ fún olórí afinimọ̀nà lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ má gbára lé èyí tí wọ́n kọ fún yín nígbà tí ẹ wà ní iléèwé gíga, ẹ tún àyẹ̀wò náà ṣe. Tó bá jẹ́ AS, ẹ lọ rí dókítà tó mọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀ kí ẹ tó san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Tí ẹ bá wá pinnu láti lọ, àwọn ọjọ́ tó pọ̀ yẹn tún wúlò fún yín ju ẹnikẹ́ni lọ.

*

“Tí ibà bá mú mi lórí òkè ńkọ́?”

Inú mi dùn pé ẹ béèrè, torí àṣà wa ni pé gbogbo orí fífọ́, ibà ni. Tí ẹ bá ti kọjá 3,000 mítà, ẹ yí i padà: orí fífọ́, àìsàn òkè, èyí tí àìtó ọ́síjìn ń fà, ni títí ẹ ó fi rí i dájú pé kì í ṣe òun. Ẹ ra ohun èlò àyẹ̀wò ibà tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn, ó fúyẹ́, kò gba àyè. Àìsàn òkè kì í sábà mú ara gbóná janjan bíi ti ibà.

Bọ̀dá kan láti Èkó wà nínú ẹgbẹ́ tí mo bá gòkè. Láti Shira ni orí ti ń fọ́ ọ. Ó ní ibà ni, òun mọ ara òun. Ó ń lo oògùn ibà ní kọ̀rọ̀, ó sì ń sọ fún afinimọ̀nà láràárọ̀ pé ara òun dá ṣáká, torí kò fẹ́ kí wọ́n dá òun padà lẹ́yìn tí gbogbo ará ilé ti gbọ́. Nígbà tá a dé Barafu, ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Afinimọ̀nà ní kó máa fi gìgísẹ̀ ẹsẹ̀ kan kan ọmọ ìka ẹsẹ̀ kejì, kó tọ ojú ìlà kan tààrà. Kò lè ṣe é. Alágbàárù méjì dì í mú lápá, wọ́n mú un sọ̀ kalẹ̀ lóru ọjọ́ náà. Ìgbà tó dé ìsàlẹ̀ ni ojú rẹ̀ tó wálẹ̀, tó ń dá wa mọ̀.

Ohun tó ń ṣe é kì í ṣe ohun kékeré. Ẹni tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tó ń sọ ìsọkúsọ, ọpọlọ rẹ̀ ló ti ń wú. Ẹni tí kò lè mí dáadáa níbi tó jókòó sí, tó ń wúkọ́ tí itọ́ rẹ̀ ń hó, omi ló ti ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Méjèèjì ń pa èèyàn, sísọ̀ kalẹ̀ sì ni ìtọ́jú wọn. Tí ọ́síjìn bá wà, ẹ fún un ní ọ́síjìn, ṣùgbọ́n kó máa sọ̀ kalẹ̀ lọ. Òun ló ṣe ń dùn mí tí mo bá ń gbọ́ “má sọ fún wọn, wọ́n á dá ẹ padà”. Ẹ sọ fún wọn. Nínú ọjọ́ mẹ́jọ, ẹni tó sọ lọ́jọ́ kẹta ṣì lè sinmi kó sì dé òkè.

*

Lórí Diamox, oògùn tí wọ́n máa ń lò kí àìsàn òkè má baà mú wọn, àwọn kan ní ìrẹ́jẹ ni. Mi ò gbà. Iṣẹ́ tí kíndìnrín ń ṣe lókè lọ́hùn-ún náà ni oògùn yẹn ń mú yá. Kì í bo àìsàn mọ́lẹ̀. Tí orí bá ṣì ń fọ́ yín lẹ́yìn tí ẹ lò ó, orí ń fọ́ yín lóòótọ́. 125 miligíráàmù lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ ni wọ́n sábà máa ń kọ fún àgbàlagbà, láti ọjọ́ tó ṣáájú ìgòkè. Ẹ máa tọ̀ ṣáá, ọmọ ìka á máa jó yín yinyin. Ẹni tí Septrin tàbí Fansidar bá ti bu lára rí, kó sọ fún dókítà, torí wọ́n fara jọra. Ẹ kọ́kọ́ lò ó wò nílé fún ọjọ́ méjì, kó má jẹ́ orí òkè lẹ ti máa mọ̀ bóyá ó bá yín lára mu.

Atalẹ̀ dára fún inú tó ń rú, ẹ máa mu ún. Aáyù, ẹ jẹ ẹ́ tó bá wù yín. Ọtí àti oògùn oorun, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ títí ẹ ó fi sọ̀ kalẹ̀, nítorí mímí á lọọlẹ̀ lójú oorun.

*

Ó kù ti ọ̀rẹ́ yín tó fẹ́ fi owó tó bá kù ra aṣọ. Òtútù téńté òkè kì í ṣe eré, ó máa ń já sí 10 tàbí 15 lábẹ́ òdo lórí ìwọ̀n Celsius, atẹ́gùn sì tún ń dá kún un. Ṣùgbọ́n ẹ lè háyà jákẹ́ẹ̀tì tó nípọn, báàgì tí wọ́n ń wọ̀ sùn, ọ̀pá ìrìn àti ṣòkòtò òjò ní Moshi, ìlú tó wà nísàlẹ̀ òkè náà. Kí lẹ fẹ́ fi jákẹ́ẹ̀tì yìnyín ṣe n'Ìbàdàn lẹ́yìn náà? Bàtà nìkan ni kí ẹ má háyà. Ẹ rà á báyìí, ẹ máa wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́ àti ọjà títí á fi bá ẹsẹ̀ yín mu, kó sì fi díẹ̀ tóbi, torí ọmọ ìka á máa tì síwájú nígbà tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ má di ẹrù sínú ọ̀rá. Tanzania ti fòfin de ọ̀rá ìkẹ́rù láti oṣù kẹfà 2019, wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ yín ní pápákọ̀ òfurufú. Àpò aṣọ ni kí ẹ lò. Bátìrì fóònù àti ti tọ́ọ̀ṣì orí, inú báàgì ìsùn ni kí wọ́n máa sùn tì yín, òtútù ń fa agbára wọn gbẹ.

Irun: ẹ dì í mọ́rí, kó tẹ́ pẹrẹsẹ. Braids ńláńlá kò ní jẹ́ kí fìlà òtútù bo etí, tọ́ọ̀ṣì orí kò sì ní jókòó.

*

“Níbo la ti lè fi ara wa dánrawò ní Nàìjíríà?”

Fún ẹsẹ̀, Òkè Ìdànrè. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 600. Ẹ gbé báàgì tó wúwo díẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn, ẹ gùn ún, ẹ sọ̀ ọ́, ẹ tún un gùn. Adó-Àwáyè kò jìnnà sí yín náà. Sísọ̀ kalẹ̀ ni kí ẹ fi kọ́ orúnkún jù, torí ọjọ́ tí ẹ bá dé Uhuru náà ni ẹ máa sọ̀ dé ibùdó Mweka, 3,100, ó sún mọ́ 2,800 mítà nísàlẹ̀ láàárín ọjọ́ kan.

Fún ti afẹ́fẹ́, kò síbì kankan. Chappal Waddi ní ìpínlẹ̀ Taraba, òkè tó ga jù ní Nàìjíríà, 2,419 mítà ni. Kò tiẹ̀ tó Mandara, ibi tí Marangu ti ń sùn lálẹ́ àkọ́kọ́.

*

Àwọn kan ní àwọn mọ ilé iṣẹ́ tó máa gbà yín lọ́jọ́ mẹ́jọ ní owó pọ́ọ́kú. Ẹ bi í léèrè ibi tí owó náà ti dín. Owó tí ọgbà ìjọba tó ni òkè náà ń gbà tó nǹkan bí 70 dọ́là lójúmọ́ lórí èèyàn kan, kó tó kan owó ibùdó àti owó orí rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò lè dín ìyẹn kù fún yín. Òun náà ló fà á tí ọjọ́ márùn-ún fi pọ́ọ́kú. Ohun tó ṣẹ́ kù tí wọ́n lè gé ni oúnjẹ, ọ́síjìn, àti owó àwọn alágbàárù.

Òfin ọgbà ni pé ẹrù alágbàárù kan kò gbọdọ̀ ju 20 kìlò lọ, wọ́n sì ń wọ̀n ọ́n ní géètì. Mo ti rí àwọn tí bàtà ẹsẹ̀ wọn ti ya, tí wọ́n ń sùn láìní ohun tó nípọn lábẹ́, lójú òtútù yẹn. Ẹgbẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Kilimanjaro Porters Assistance Project, ó ń tọ́jú orúkọ àwọn ilé iṣẹ́ tó ń san owó tó yẹ fún alágbàárù. Inú ìwé wọn ni kí ẹ ti mú èyí tí ẹ fẹ́. Ẹ sì ya owó ìmoore àwọn afinimọ̀nà, alásè àti alágbàárù sọ́tọ̀ láti ilé, kó má jẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn lẹ ó máa wá a.

*

Ẹnì kan ní kí wọ́n má gbéra lọ sí téńté láàárín òru: mo gbọ́ ohun tí ẹ sọ, òkùnkùn àti òtútù náà ń dẹ́rù bani. Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é ni pé òkúta wẹ́wẹ́ ojú ọ̀nà máa ń dì pọ̀ lóru, ó rọrùn láti tẹ̀. Tí oòrùn bá ti yọ́ ọ, ẹsẹ̀ á máa yọ̀ padà. Àárọ̀ náà ni ojú ọ̀run sábà máa ń mọ́. Wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ ni ìgòkè yẹn, ẹ sì tún gbọ́dọ̀ sọ̀ jìnnà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun ń rìn jẹ́jẹ́ lè bẹ afinimọ̀nà kí wọ́n tètè ṣáájú àwọn tó kù. Mi ò rò pé ìyípadà ju ìyẹn lọ ló pọn dandan.

*

Ẹni tó ní “òkè kò ní sá lọ” nígbà tí mo ní kí wọ́n sún un di ọdún tó ń bọ̀, òótọ́ lẹ sọ. Yìnyín orí rẹ̀ ló ń lọ. Nínú èyí tó wà níbẹ̀ ní 1912, ohun tó lé ní ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò sí mọ́. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rántí, ṣùgbọ́n ọdún kan kò ní gbé gbogbo èyí tó kù lọ. Ẹ lè dúró.

*

Arábìnrin tó béèrè tún kọ̀wé pé ọ̀rẹ́ òun ti gbà sí Lemosho, àmọ́ owó kò ní pé fún ọjọ́ mẹ́jọ lóṣù kẹjọ.

Ẹ mú ojú ọ̀nà mìíràn, Machame ọlọ́jọ́ méje, nígbà náà. Òun náà gba Lava Tower sọ̀ sí Barranco, ó sì ń sùn ní Karanga. Ẹ ṣọ́ra, wọ́n ń ta ọlọ́jọ́ mẹ́fà rẹ̀, èyí tó fo Karanga. Ẹ kọ ìyẹn. Tí oṣù kẹjọ kò bá tún bọ́ sí i, ojú ọjọ́ máa ń dára láti oṣù kẹfà títí dé oṣù kẹwàá, bẹ́ẹ̀ náà ni oṣù kìíní àti ìkejì. Oṣù kẹta sí ìkarùn-ún, òjò ńlá ni, ẹ má gbìyànjú rẹ̀.

Yẹ́lò káàdì yín gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́, Tanzania ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá ti Nàìjíríà wá. Ẹ gba fízà kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú. Kí ìwé adójútòfò yín kọ ọ́ ní kedere pé ó bo ìrìn òkè dé 6,000 mítà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń tà fún arìnrìn-àjò kò dé ibẹ̀, ẹ ka inú rẹ̀.

Kí ẹ tó san àsansílẹ̀, ẹ kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ náà: ibo la ó sùn lálaalẹ́, báwo ló ṣe ga tó, ọ́síjìn mélòó lẹ ń gbé, ta ló ń wọn ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ wa láràárọ̀ àti lálẹ́, tí ọ̀kan nínú wa bá ní láti sọ̀ kalẹ̀, ṣé afinimọ̀nà mìíràn wà tó máa mú ẹnì kejì lọ? Tí wọ́n bá fi ìdáhùn tó mọ́lẹ̀ ránṣẹ́, ẹ gbé e síbí kí n bá yín wò ó. Àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù yẹn, ọ̀sẹ̀ yìí ni kí ẹ lọ ṣe é, ẹ̀yin méjèèjì.